Ojú Kan L'Àdá Ń Ní, Ṣùgbọ́n Ọmọ Kì Í Ṣe Àdá

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún Àjíǹde tó kọjá. Ọkọ àbúrò mi obìnrin ló dá a sílẹ̀. Ọmọ wọn kan wà, ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, tí ń tẹ dùùrù. Kì í ṣe pé ó ń fi ọwọ́ lù ú bí ọmọdé ṣe ń ṣe o. Bí ó bá gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti mú un nìyẹn, tọwọ́ ọ̀tún tọwọ́ òsì. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ náà kò sinmi mọ́. Òní ìkórè ìjọ yìí, ọ̀la ìdúpẹ́ ìjọ tọ̀hún. Wọn a gbé e sórí àga, wọn a ki ìrọ̀rí sí i nídìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní í tó ilẹ̀. Àwọn èrò a gbé fóònù sókè, wọn a máa ya fídíò, owó a sì máa já lù ú lórí. N ò ní purọ́ fún yín, èmi náà ti lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí rí. Èmi ni mo tilẹ̀ kọ́kọ́ dìde lọ́jọ́ náà.

Wàyí o, ọmọ yìí kan náà fẹ́ràn àwòrán yíyà. Mọ́tò, ilé alájà, adìyẹ, kò sí èyí tí kì í yà. Ní ọdún Àjíǹde tí mò ń wí yìí, ẹ̀yìn ìwé orin bàbá rẹ̀ ló ya ọkọ̀ ojú omi kan sí, nínú ìsìn, nígbà tí ìwàásù ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tí a délé, bàbá rẹ̀ nà án, ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní òun kò gbọdọ̀ rí pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe pé iṣẹ́ ilé ìwé ló fẹ́ ṣe. Mo ní kí ló tó bẹ́ẹ̀? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú kan l'àdá ń ní o. Ẹ jẹ́ kó gbájú mọ́ èyí tí Ọlọ́run fún un."

Òwe àgbà ni, n kò sì bá òwe jà. Ẹni tí kò lè dúró sórí ìpinnu kan ni àwọn baba wa ń pa á fún. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọkọ àbúrò mi pé èyí tó fi ń pa owó nínú ẹ̀bùn méjèèjì nìkan ni Ọlọ́run fún ọmọ náà? Èyí tó ń fi ẹ̀yìn ìwé orin ṣe ńkọ́, ta ló fún un?

Kí n má bàa di ẹni tí ń dá ilé onílé rú, mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ti wá rí ọmọ mìíràn tí mo lè fi gbé ẹjọ́ mi kalẹ̀, ọmọ Òyìnbó kan tó ti kú láti ọdún 1847, tí ẹnikẹ́ni kò lè torí rẹ̀ bá mi bínú.

William Crotch ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Norwich, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1775. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ti yunifásítì ló ṣe jù láyé rẹ̀, ó sì gbé ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ lábẹ́ Ọbabìnrin Fikitóríà. Ẹni tí kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kò jẹ̀bi. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ rántí orin kékeré tí àwọn agogo Big Ben máa ń kọ kí wọ́n tó lu wákàtí, èyí tí àwọn bàbá wa máa ń gbọ́ lórí rédíò BBC? Ọdún 1793 ni wọ́n ṣe orin náà fún agogo tuntun ṣọ́ọ̀ṣì Great St Mary's ní Cambridge, kó tó di pé wọ́n mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1859. Àwọn kan ní ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan, Joseph Jowett, ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé Crotch, tí kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà, ló bá a ṣe é.

Káfíńtà ni bàbá Crotch. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan dùùrù kékeré kan sínú ilé. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún 2 ni nígbà tó fi ìka wá orin ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí lórí dùùrù náà, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá a fẹ́ ẹwìrì. Ọmọ ọdún 2 o! Ẹni tí kò tíì lè wọ ṣòkòtò fúnra rẹ̀. Ni òkìkí bá kàn. Ni ìyá rẹ̀, Isabella, bá gbé e sọ́nà. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1779, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta àbọ̀, níwájú Ọba George Kẹta ló ti ń ṣeré. Wọ́n sì polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù bí a ṣe ń polówó ọjà: ọmọ olórin náà ti wọ ìlú, ojoojúmọ́ ni yóò máa tẹ dùùrù láti aago kan sí aago mẹ́ta ọ̀sán, nílé obìnrin kan tó ń ṣe fìlà ní Piccadilly. Àwọn ènìyàn á wọlé, wọ́n á wò ó, wọ́n á jáde. Fóònù nìkan ni kò sí.

Ọkùnrin ọlọ́gbọ́n kan, Charles Burney, tó jẹ́ olórin tó sì kọ ìtàn orin, lọ yẹ ọmọ náà wò, ó sì kọ ìròyìn rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Royal Society. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1779. Ó sọ bí etí ọmọ náà ṣe jinlẹ̀ tó, pé bí wọ́n bá tẹ ohùn kan lórí dùùrù, ibi yòówù kí ọmọ náà wà nínú yàrá, á dárúkọ rẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo ayé ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibì kan nínú ìròyìn yẹn, ṣe ni mo dúró. Burney ní ìfẹ́ tí ọmọ náà ní sí àwòrán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó ní sí orin. Bí kò bá ti sí nídìí dùùrù, ṣe ni yóò máa fi ọwọ́ òsì ya ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ ojú omi àti ẹranko sórí ilẹ̀, tàbí sórí ibi yòówù tó tẹ́jú tí wọ́n bá gbà á láyè láti fi nǹkan há.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá mi wò ó. Ọkọ̀ ojú omi! Ọkọ̀ ojú omi kan náà! (Ká ní ọ̀dọ̀ wa níbí ni, wọn ì bá kọ́kọ́ nà án nítorí ọwọ́ òsì, kí wọ́n tó wá nà án nítorí àwòrán.)

Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ rèé, ẹ sì lè bá mi jiyàn. Láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ̀bùn kan di ti gbogbo ayé, èkejì sì kù sọ́wọ́ ara rẹ̀. Nídìí dùùrù, òun kọ́ ló ń yan aago tí yóò ṣeré, òun kọ́ ló ń yan ẹni tí yóò ṣe é fún, òun kọ́ ló sì ń gba owó. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tó ti ń fi ọwọ́ òsì ya ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò sí ẹni tó sanwó láti wò ó. Tirẹ̀ ni. Nígbà tó dàgbà, ó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ pé bí òun bá bojú wẹ̀yìn wo ìgbà tí wọ́n ń gbé òun káàkiri yẹn, ìrora àti ìtìjú ló ń bá òun. Pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìkẹ́ bà òun jẹ́ pátápátá, bí ó ti ba ọ̀pọ̀ olórin mìíràn jẹ́ tí wọn kò sì bọ́ nínú rẹ̀ títí ayé wọn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ fún un. Ohun tí gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún, òun ló ń ti ọmọ náà lójú nígbà tó di àgbà.

Ní 1786 wọ́n fi í sí Cambridge láti máa ran ọ̀jọ̀gbọ́n orin tó wà níbẹ̀, Dókítà Randall, lọ́wọ́ nídìí dùùrù. Ní 1788 ó kọjá sí Oxford. Ní 1790, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di atẹdùùrù Christ Church. Oxford yìí ló ti bá ẹni tó jẹ́ pé, lójú tèmi, òun ló gbà á là pàdé.

John Malchair ni ẹni náà ń jẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni, láti ìlú Cologne. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òun ni aṣíwájú àwọn tí ń ta fáólìn ní gbọ̀ngàn orin Holywell. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àwòrán yíyà. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ojú kan l'àdá ń ní. Ní 1792, nígbà tí rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, ẹnì kan ju ọsàn lu fáólìn rẹ̀, ọsàn náà sì fọ́ ọ. Ká ní fáólìn nìkan ló ní, kí ni ì bá kù sí i lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n pẹ́ńsù rẹ̀ wà níbẹ̀. A sì tún máa gba orin sílẹ̀ láti ẹnu àwọn ènìyàn ní ìgboro Oxford, àwọn tó ń kọrin kiri. Kò kà á sí pé wọn kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí Crotch wá tẹ ìwé tó fi ṣàpẹẹrẹ oríṣiríṣi orin jáde, àwọn orin àdúgbò àti ti orílẹ̀-èdè mìíràn tó wà nínú rẹ̀, Malchair ló kó púpọ̀ fún un nínú wọn.

Malchair ní àṣà kan tó wù mí. Bí ó bá ya àwòrán igi tàbí afárá kan tán, á yí ìwé náà padà, á kọ ibi tó ti yà á, ọjọ́ tó yà á, títí kan aago. Crotch gba àṣà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí, tó jẹ́ pé nígbà èwe rẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ló ń kọ aago tirẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, aago kan sí aago mẹ́ta, nílé alárànṣọ fìlà. Nígbà tó dàgbà tán, òun fúnra rẹ̀ ló wá ń kọ aago sẹ́yìn ìwé, pé ní aago báyìí, ní eteetí odò báyìí, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, mò ń wo oòrùn. Bí ìyẹn kò bá yé ọkọ àbúrò mi, n kò mọ bí mo ṣe tún lè ṣe é.

Ṣé àwòrán wá ba iṣẹ́ orin rẹ̀ jẹ́? Ibi tí ìjà wà nìyí, ẹ jẹ́ ká jà á dáadáa. Ní 1797, kó tó pé ọmọ ọdún 22, wọ́n fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n orin ní Oxford, kò sì fi oyè náà sílẹ̀ títí ó fi kú, àádọ́ta ọdún gbáko. Ní 1799 ó di dókítà orin. Ní 1812 wọ́n kọ orin ńlá rẹ̀, Palestine, ní Lọ́ńdọ̀nù. Reginald Heber ló ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, Heber kan náà tó kọ orin Mẹ́talọ́kan tí ìjọ wa kì í gbàgbé ní ọjọ́ Ìsinmi Mẹ́talọ́kan. Nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ orin Royal Academy of Music sílẹ̀ ní 1822, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ di 1832. Ebi kò pa á. Kò di ọ̀lẹ. Gbogbo ìgbà náà sì ni ó ń ya àwòrán, nínú pẹ́ńsù àti nínú ọ̀dà olómi. Nígbà tí iná jó apá kan Christ Church ní oṣù kẹta ọdún 1809, Crotch ló fín àwòrán mẹ́fà jáde nípa àwókù náà, láti ara èyí tí ẹlòmíràn ti yà sílẹ̀. Ó di ọ̀rẹ́ John Constable pàápàá, ayàwòrán ńlá nnì tí orúkọ rẹ̀ kò lè parẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Constable náà máa ń kọ ọjọ́ àti aago sẹ́yìn àwòrán ojú ọ̀run tó bá yà. Àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà sì ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ Crotch ló ti rí i.

Èyí tó tún wá pa àwọn alátakò mi lẹ́nu mọ́ ni pé láti inú àwòrán ni Crotch ti mú ohun tó fi kọ́ni lórin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn, ní Oxford àti ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tẹ kókó rẹ̀ jáde ní ìwé kan ní 1831. Ohun tí Joshua Reynolds sọ nípa àwòrán ló gbé wá sídìí orin. Ó pín orin sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó ga tó ń dá ẹ̀rù tó mọ́ sí ènìyàn lára, èyí tó lẹ́wà tó tuni lára, àti èyí tó kàn jẹ́ ọ̀ṣọ́. Orin ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ló fi sí ipò kìíní. N kò ní í sọ pé gbogbo ohun tó wí níbẹ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn. Lójú tirẹ̀, ṣe ni orin ń rẹlẹ̀ bí ayé ti ń lọ, mo sì rò pé ó ti le jù. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá kọ́ ọ láti gbọ́ orin bí ẹni ń wo òkè àti àfonífojì, bí kò bá ti jókòó sẹ́bàá òkè rí pẹ̀lú ìwé lórí itan? Bí wọ́n bá ti gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ìmọ̀ yẹn ì bá ti bá a lọ.

Mo mọ ohun tí ọkọ àbúrò mi máa fi dá mi lóhùn, nítorí ó ti fi dá mi lóhùn lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ ọ́ tán. Wọ́n gbé e káàkiri, ó rí ọba, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, n kò ní í sẹ́ ẹ. Bí wọn kò bá gbé e jáde rárá, bóyá inú ilé káfíńtà ní Norwich ni ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí ayé mọ ọmọ àti kí ayé máa jẹ ọmọ. Kì í ṣe ilé alárànṣọ fìlà ló sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìdí dùùrù Randall ni, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ láàárọ̀ lálẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì má gbàgbé pé Mozart ni Burney fi wé e nígbà náà, Mozart tí bàbá tirẹ̀ náà gbé káàkiri, tó kú ní ọmọ ọdún 35 tòun ti gbèsè lọ́rùn. Crotch kò di Mozart. Àwọn tó mọ orin ní iṣẹ́ àgbà rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n retí nígbà èwe rẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ràn pẹ́ńsù lè sọ pé àwòrán ló jẹ wákàtí rẹ̀. Òun alára, nígbà tó ń ka ohun tó ṣe òun ní jàǹbá, kò dárúkọ pẹ́ńsù. Àwọn ọdún ìpolówó yẹn ló dárúkọ.

Àbúrò mi obìnrin tún gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní, "Bọ̀dá mi, nínú ìsìn ló ti yà á. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa wò ó?" Ìyẹn dára. Kó sọ fún un pé kó má yà á nínú ìsìn. Kò pé kò máa yà á nílé. Ẹ̀ṣẹ̀ kan péré ni ọmọ náà dá, ẹ̀ṣẹ̀ ibi tó ti yà á. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá a ṣẹjọ́ lé lórí ni ẹ̀bùn rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé dùùrù ló fọwọ́ kàn láìtọ́ nínú ìwàásù, ẹ̀rín ni gbogbo ìjọ ì bá rín.

Ní 1834 ni Crotch tẹ dùùrù fún gbogbo ènìyàn kẹ́yìn, níbi àjọ̀dún orin Handel ní Westminster Abbey. Ọdún mẹ́tàlá ló tún lò láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 1847 ló kú ní Taunton, nílé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ àlùfáà àti ọ̀gá ilé ìwé, nídìí oúnjẹ. Àwọn àwòrán rẹ̀ wà ní British Museum títí di òní, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago lẹ́yìn wọn.

Ìkórè ìjọ àbúrò mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti tẹ fọ́tò ọmọ náà sórí pátákó ńlá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ní èmi ni alága ọjọ́ náà. Mo ti ránṣẹ́ pé bí ọmọ náà bá máa tẹ dùùrù, orin kan ṣoṣo ni kó tẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lẹ owó mọ́ ọn, kí bàbá rẹ̀ sì dá pẹ́ńsù rẹ̀ padà fún un kí n tó gba àga lọ́wọ́ wọn. Mo fi ìwé àwòrán kan àti pẹ́ńsù aláwọ̀ méjìlá ti ìwé náà lẹ́yìn. Bí mo ti ń kọ èyí, wọn kò tíì fún mi lésì.